Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Máṣínì Tó Ti Dàgbà?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tójú èmi fúnra mi rí. Máṣínì tí mò ń gùn, Honda CG125 ni, bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó gbé e fún mi, ó ti dàgbà ju àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ, síbẹ̀ tí mo bá fẹsẹ̀ tá a lẹ́ẹ̀kan báyìí ó ti dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo di ẹrù àdìrẹ ìyàwó mi sẹ́yìn láti Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, mo dojú kọ òkè tó lọ sí Òkè Ìlèwó, mo yíwọ́ dé ìparí, ẹ́ńjìnnì ń ké bíi pé ó fẹ́ fò, àmọ́ máṣínì ò lọ, ó kàn ń fà tìkọ̀tìkọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà. Ọlọ́kadà kan tó gbé èèyàn méjì kọjá lára mi, ó tún wẹ̀yìn wò mí. Ìtìjú yẹn ò kéré o.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó sún mọ́ ilé mi, ó ní ah bọ̀dá, kílọ́ọ̀ṣì yín ti jẹ tán, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn. A rà á, ó tò ó wọlé, lọ́jọ́ kejì mo padà sídìí òkè yẹn, nǹkan kan náà ló tún ṣe. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun o! Ìgbà tí mo wá gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Lafẹ́nwá, tó ti ń tún Honda ṣe láti ìgbà tí mo ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá ò tiẹ̀ mú sípánà rárá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọ́ìlì wo lo dà sí i?" Mo fi yangàn dá wọn lóhùn, mo ní bàbá, èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rà, 5W-30, irú èyí tí wọ́n ń dà sí mọ́tò àwọn olówó. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, agbádá lo gbé wọ ẹni tó ń lọ gégi."

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fara balẹ̀ ka ẹ̀yìn ike ọ́ìlì, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà, níbi ìwé wínníwínní tí ẹnikẹ́ni ò kì í kà. Ohun tá à ń gbọ́ ládùúgbò pọ̀ jù. Ẹnì kan á ní máṣínì àgbà, ọ́ìlì tó ki jù ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹlòmíì á ní ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Ẹlòmíì á ní èyí tó pupa ló dáa, bíi pé àwọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé a rò pé ohun tó bá dáa fún mọ́tò á dáa fún máṣínì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dá wà, ti gíà dá wà, kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò tá a fi ń já gíà lọ́wọ́ sì wà ní gbígbẹ, ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kàn án rárá, tó bá kàn án wàhálà dé nìyẹn. Àmọ́ nínú máṣínì fóò sítúrókù bíi CG125, Boxer, TVS àti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nígboro wa, ọ́ìlì kan ṣoṣo, tí kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, òun ló ń sáré kiri gbogbo inú ilé. Òun ló ń bá písítìnì àti kíránkì ṣiṣẹ́, òun náà ló wà láàárín eyín gíà tó ń jẹ ara wọn, òun náà ni àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ wá fi kún un pé àwọn máṣínì yìí ò ní rádíétọ̀, atẹ́gùn àti ọ́ìlì yẹn náà ló ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan, iṣẹ́ ilé mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí kílọ́ọ̀ṣì yìí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú èmi. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí àwọn awo róbótó tí wọ́n tò léra wọn, ọ̀kan á jẹ́ irin lásán, èyí tó tẹ̀ lé e á ní nǹkan bíi kọ́ọ̀kì lára, irin, kọ́ọ̀kì, irin, kọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó, sípíríǹgì wá ń fún gbogbo wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fira wọn sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ ẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, agbára ẹ́ńjìnnì á sì dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Inú ọ́ìlì ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo eléyìí. Ìyẹn ni pé ọ́ìlì yẹn gbọ́dọ̀ yọ̀ tó fún písítìnì, kó má sì yọ̀ jù fún kílọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tó ṣòro ni.

Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò òde òní, ohun tí wọ́n ń lé ni kí mọ́tò má jẹ epo bẹntiróò púpọ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń po àwọn kẹ́míkà kan mọ́ ọn, molybdenum wà lára wọn, tó ń mú kó tún yọ̀ sí i ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fún mọ́tò, ó dáa gan-an. Fún kílọ́ọ̀ṣì máṣínì, àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ilá tán tó wá fẹ́ fọwọ́ yẹn ṣí ìdérí ìgò, á dì í mú, á fún un, ọwọ́ á máa yí, ìdérí ò ní lọ. Ohun tó ṣe mí ní Òkè Ìlèwó gan-an nìyẹn. Lórí títẹ́jú ẹ lè má mọ̀ rárá, torí iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́rùn kílọ́ọ̀ṣì, àmọ́ Abẹ́òkúta mélòó ló tẹ́jú? Ibi tẹ́ ẹ bá yà sí níbí òkè ni, tàbí kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Àwọn ará Jàpáànù ló jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ilé wọn ṣáà ni Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki ti wá. Lọ́dún 1998 wọ́n gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ JASO T903, wọ́n fi ń dán ọ́ìlì máṣínì fóò sítúrókù wò láti mọ bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa di ara ẹ̀ mú tó nínú ẹ̀. Èyí tí kílọ́ọ̀ṣì bá dì mú dáadáa nínú ẹ̀, wọ́n á pè é ní MA. Èyí tó bá yọ̀ jù, MB. Nígbà tó di 2006 wọ́n tún pín MA sí MA1 àti MA2, MA2 ni kílọ́ọ̀ṣì ń dì mú jù nínú ẹ̀. MB kì í ṣe ayédèrú o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ó wà fún àwọn sikútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ò sí nínú ọ́ìlì. Fún CG, Boxer àti gbogbo ẹbí wọn, tẹ́ ẹ bá ti rí JASO MA, MA1 tàbí MA2 lẹ́yìn ike, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ́ìlì yẹn náà ló máa dán an wò tó máa lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kò sí ọlọ́pàá kan tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́, torí náà ọ́ìlì tẹ́ ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí láyé tó wá kọ MA2 gàdàgbà síwájú, ẹ fura.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ lọ́kàn ẹ̀ pé irọ́ lèyí ń pa, ẹ̀gbọ́n òun ń da ọ́ìlì mọ́tò sí ọ̀kadà láti ọdún gbọ́nhan, kílọ́ọ̀ṣì ò yọ̀ rí. Òótọ́ ni. Èmi náà ní ẹ̀gbọ́n kan tó gun ọ̀kadà pẹ́ ní Pansẹ̀kẹ̀, 20W-50 mọ́tò ló máa ń rà, máṣínì ẹ̀ ń gòkè bí ọ̀bọ. Ìdí ẹ̀ ni pé àwọn kẹ́míkà tó ń mú ọ́ìlì yọ̀ láyọ̀jù yẹn, inú ọ́ìlì tó ṣàn ni wọ́n pọ̀ sí, 5W-20, 5W-30, 10W-30, kì í sábà sí nínú 20W-50. Ẹ wo àmì róbótó API (ẹgbẹ́ àwọn elépo Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìpele) tó wà lára ike, apá ìsàlẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ, ti mọ́tò nìyẹn. Èyí tí ibẹ̀ bá ṣófo, kílọ́ọ̀ṣì yín lè má bá a jà. Àmọ́ tí ti máṣínì bá wà nílẹ̀ tówó sì tó o, kí lẹ fẹ́ fi ti mọ́tò ṣe? Eyín gíà náà ṣì wà ńbẹ̀ o, tó ń lọ ọ́ìlì bí ẹní lọ ata, mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ó wá ku nọ́ńbà. Lẹ́tà W tó wà nínú 20W-50, ọ̀pọ̀ rò pé ìwọ̀n ló ń sọ. Rárá, "winter" ni, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣe tí òtútù bá mú un, wọ́n máa ń dán 20W wò ní dígírì 15 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti di yìnyín pátápátá. Tí ọyẹ́ bá mú wa gan-an l'Ábẹ́òkúta, ṣé ó ju kéèyàn wọ súwẹ́tà nídàájí lọ ni? Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 5W tàbí 0W gbowó lọ́wọ́ yín níbí. Nọ́ńbà kejì ló kàn wá jù, òun ni wọ́n wọ̀n ní dígírì 100, ibi tí omi ti ń hó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná nìyẹn tẹ́ ẹ bá ti gùn ún láti Kútọ̀ dé Ọbáńtokò lọ́sàn-án oṣù kẹta.

Ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù rèé. Wọ́n á ní 20W-50, tó bá tutù 20 ni, tó bá gbóná á di 50, ìyẹn ni pé ó ń ki sí i tó bá gbóná. Kò sí ọ́ìlì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wo epo pupa, láàárọ̀ ọyẹ́ á dì, ṣíbí á dúró nínú ẹ̀, ẹ gbé e kaná, á ṣàn bí omi. Gbogbo ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí, ooru ló ń mú wọn ṣàn. Ohun tí 20W-50 fi yàtọ̀ sí SAE 50 lásán tí ò ní W (SAE ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó gbé ìwọ̀n nọ́ńbà yìí kalẹ̀) ni pé kì í ki jù láàárọ̀, wọ́n sì ti po nǹkan kan mọ́ ọn tí kì í jẹ́ kó ṣàn tán tí iná bá mú un. Nǹkan tí wọ́n pò mọ́ ọn yẹn, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ mọ́ra ló rí, tó bá gbóná á nà. Ẹ rántí eyín gíà tí mo sọ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ara wọn, wọ́n ń já àwọn okùn yẹn sí wẹ́wẹ́, ọ́ìlì tó wọlé ní 50 lè máa ṣe bíi 40 tó bá yá. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì inú máṣínì fi ń tètè gbó ju ti inú mọ́tò lọ. Ọ́ìlì SAE 40 lásán tí wọ́n ń tà káàkiri kò ní okùn yẹn nínú rárá, torí náà gíà ò rí nǹkan já, àmọ́ láàárọ̀ kùtù ó ń pẹ́ kó tó gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì, àárọ̀ yẹn gan-an ni irin ń jẹ irin jù. Tí SAE 40 ló bá wà, tí ibi tẹ́ ẹ wà jìnnà sígboro, bóyá apá Ọ̀dẹ́dá wọ̀hún, ẹ dà á sí i, máṣínì ò ní kú, ẹ kàn jẹ́ kó dúró gbóná díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yíwọ́.

Mo tún ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan, pé torí máṣínì ń mu ọ́ìlì, kí wọ́n da gíà ọ́ìlì 90 sí ẹ́ńjìnnì, torí 90 ju 50 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìwọ̀n gíà ọ́ìlì yàtọ̀ sí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, bí ìgbà téèyàn fi yáàdì wọn aṣọ kan tó wá fi sẹ̀ǹtímítà wọn èkejì ni. 90 yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, àárín 40 sí 50 náà ló máa bọ́ sí, kò ki ju ohun tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ lọ, kẹ́míkà inú ẹ̀ ò sì ṣeé fi sínú iná písítìnì.

Ó dáa, ṣé òótọ́ ni pé máṣínì àgbà ń fẹ́ ọ́ìlì tó ki? Apá kan òótọ́ ni. Tí ríìngì tó yí písítìnì ká bá ti jẹ, tí àyè bá ti wà láàárín irin àti irin, ọ́ìlì tó ki díẹ̀ á dí àyè yẹn, ariwo á rọlẹ̀, kò sì ní máa jó tán kíákíá. Tẹ́ ẹ bá ń lo 40 tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ wá bọ́ sí 50, ẹ lè rí ìyàtọ̀. Àmọ́ ojú ọgbẹ́ lẹ dì yẹn, ẹ ò wo ọgbẹ́. Ọjọ́ orí nìkan kì í sì í ṣe àìsàn. Máṣínì tó pé 25 ọdún tí kò mu ọ́ìlì, tí ò rú èéfín, ọ́ìlì tí wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ tó dé ṣì ni oúnjẹ ẹ̀ títí dòní. Ìwé Honda àtijọ́ máa ń ya àtẹ kan, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí ni ọ́ìlì tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ lò, 20W-50 sì wà ní ìhà ibi tó gbóná, ìhà tiwa nìyẹn. Ẹni tíwèé ẹ̀ ti sọnù (ta ni tiẹ̀ ò sọnù?) kó mú 20W-50 kó má wò yányàn-án.

Tó bá ń rú èéfín búlúù, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra nǹkan tó ki. Tó bá jẹ́ pé àárọ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tá a nìkan ló ń rú, tó wá mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, rọ́bà kékeré tó wà lórí fáàfù ló ti gan, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yíwọ́ ló ń rú, tẹ́yìn yín ń dà bí ẹni fín ẹ̀fọn, ríìngì àti bóòlù (ihò tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀) ni, ọ́ìlì kankan nínú ayé yìí ò lè tún ríìngì ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ní nǹkan inú ike kékeré tẹ́ ẹ máa pò mọ́ ọ́ìlì tí èéfín á fi dáwọ́ dúró, ó lè dáwọ́ dúró títí ẹni náà fi máa gbowó ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyẹn sì ní ohun tó ń yọ̀ nínú, a ti sọ̀rọ̀ ilá.

Lẹ́tà API náà ò le. S ni ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróò, C ni ti dísù. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé S, bó bá ṣe ń lọ síwájú nínú ABD ni ọ́ìlì ṣe ń jẹ́ tuntun, SJ dé ṣáájú SL, SL jáde ní 2001, SM ní 2004, SN ní 2010, SP ní 2020. Tẹ́ ẹ bá rí SA tàbí SB lára ike, ẹ sá, àwọn API fúnra wọn sọ pé SA ò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn 1930, mi ò sì rò pé máṣínì bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa ti dàgbà tó yẹn, CG125 tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1976 ni. SG, SJ, SL, gbogbo wọn tó máṣínì àgbà. Èyí tó bá tún jẹ́ tuntun ju wọ́n lọ náà ò burú, kó ṣáà ní JASO MA lára, torí àwọn ọ́ìlì mọ́tò tuntun tó ṣàn, wọ́n ti dín phosphorus inú wọn kù nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́tò, phosphorus àti zinc yẹn ló sì ń dáàbò bo irin tó ń fara gbo irin nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́. JASO ò gbà kó lọ sílẹ̀ ju ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. MA yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì fún yín láìgba owó kún un.

Sìntẹ́tíìkì ńkọ́? Ó dáa, mi ò ní purọ́, kì í tètè jó, kì í tètè ṣàn jù tí iná bá mú un. Ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́, ìdọ̀tí ti dí ojú ibi tó yẹ kó máa jò, tí ọ́ìlì tó ń fọ nǹkan dáadáa bá wá wọlé á gbá ìdọ̀tí yẹn lọ, ẹ wá máa rí ọ́ìlì nílẹ̀ láàárọ̀. Kì í ṣe ọ́ìlì ló lu ibẹ̀, ihò ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ò kì í rà á fún CG mi, torí máṣínì yẹn ò ní fílítà oníwèé, àwọ̀n kékeré kan àti nǹkan róbótó tó ń yí lára kíránkì tó ń fi ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ní, torí náà ó sàn kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì gidi tí kò wọ́n lóòrèkóòrè ju kí n ra èyí tó wọ́n kí n máa ṣahun láti dà á nù. Èrò tèmi nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ọ́ìlì ti tán, tó jẹ́ sìntẹ́tíìkì nìkan lẹ rí, ẹ bù ú lé èyí tó wà níbẹ̀, wọn ò ní bára wọn jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Vespa àtijọ́ tàbí Suzuki AX100, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò kàn yín o, tú sítúrókù ni tiyín, ọ́ìlì yín ń jó pẹ̀lú epo bẹntiróò ni. AX100 ní táńkì ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀, pọ́ńpù kékeré ló ń fà á, Vespa àtijọ́ ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ pò ó, èyí tó bá ń lo ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, lítà bẹntiróò márùn-ún ẹ da ọ́ìlì mìlílítà 100 sí i, àwọn tó dàgbà jù ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ bi ẹni tó mọ Vespa yín. JASO FC tàbí FD ni kẹ́ ẹ máa wá lẹ́yìn ike. Ẹ má fi ọ́ìlì fóò sítúrókù dípò ẹ̀, eérú á kún orí písítìnì, púlọ́ọ̀gì á máa kú lójoojúmọ́. Èyí tó kọ TC-W3, ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn apẹja. Gíà àti kílọ́ọ̀ṣì wọn ní ọ́ìlì tiwọn tó dá wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí kò gbọdọ̀ yọ̀ jù ti wá kàn yín.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, asán ni tó bá jẹ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù, èyí tí wọ́n ti lò kọjá, ni wọ́n fi asẹ́ sẹ́ sínú ike tuntun tí wọ́n tà fún yín. Àwọn tó ń ṣe é, ike àwa náà ni wọ́n ń ṣà. Tẹ́ ẹ bá da ọ́ìlì tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu ike yẹn kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ wo ìdérí bóyá òrùka abẹ́ ẹ̀ ti já, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bóyá ó wọ́, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, ọ́ìlì tuntun kì í rùn bí ohun tó jóná. Èyí tí wọ́n ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àyàfi tẹ́ ẹ bá mọ ẹni náà dé ilé baba ẹ̀. Kọ́ńdẹ̀mù tiyín náà, ẹ má dà á sí gọ́tà, odò Ògùn ló ń lọ, ẹ fún àwọn káfíńtà, wọ́n ń fi í kun igi kí ikán má bàa jẹ ẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dá máṣínì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí ìdákọ̀ ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀. Lára CG, ẹ yọ ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ ihò láì yí i, ẹ yọ ọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá yí i wọlé á dà bíi pé ọ́ìlì pọ̀, a máa ń ṣe àṣìṣe yìí gan-an. Ọ́ìlì tó dúdú kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́, ó ń fọ nǹkan ló ṣe dúdú, èyí tó ń mọ́ lóló lẹ́yìn oṣù kan ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Àmọ́ tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé, bóyá àgbàrá lẹ là kọjá tàbí àwọn ọmọ tó ń fọ máṣínì ló da omi sí i, ẹ má gùn ún mọ́, ẹ dà á nù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá kìlómítà 1,500, àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré látàárọ̀ ṣúlẹ̀ á rí i pé kì í pẹ́ pé. Ìgbà tó bá gbóná ni kẹ́ ẹ máa tú u, á gbé ìdọ̀tí dání jáde.

Bàbá Lafẹ́nwá yẹn tú 5W-30 mi dà sínú bọ́ọ̀lù, wọ́n da 20W-50 MA sí i, wọ́n ní kí n gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan kí n padà wá. Kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń yọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, torí ọ́ìlì àkọ́kọ́ ti wọ kọ́ọ̀kì lára, nígbà tá a pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ó dì mú gírígírí. Mo wá bi wọ́n léèrè àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ yọ, tó ní wọ́n ti jẹ tán, mo ti fi wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù. Bàbá fi ìka wọn wọ̀n ọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún ọmọ iṣẹ́ wọn. CG ọmọ yẹn ló ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ kiri Asẹ́rò báyìí.